Kí Ló Sú sí Ọmọ Mi Lára? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Òbí Ọmọ Kékeré

Àwọn ìbéèrè tó wà níbí ni àwọn òbí máa ń bi nọ́ọ̀sì àti dókítà léraléra nípa ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ìdáhùn orí ìwé kò lè rọ́pò ẹni tó fojú rí ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó lè gbà yín lọ́wọ́ àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ: kí a ti máa fi ìpara pa ọmọ lára kí a tó mọ ohun tó ń ṣe é.

Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ẹ bọ́ gbogbo aṣọ ọmọ náà, títí kan ìlédìí, kí ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé lọ́sàn-án. Iná inú yàrá kì í jẹ́ kí ohun tó sú hàn dáadáa. Ẹ wo ẹ̀yìn etí, inú ẹnu, abẹ́ àgbọ̀n, abíyá, àárín ìka ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, kọ̀rọ̀ itan àti awọ orí. Ibi tí nǹkan náà kò dé wúlò fún wa gẹ́gẹ́ bí ibi tó dé.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín. Níbo ló ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ibà ló ṣáájú ni, àbí ara ló kọ́kọ́ sú? Ṣé ó ń yún un, ìgbà wo ló sì ń yún un jù? Ta ni nínú ilé tí ara ń yún òun náà? Kí ló kan ara ọmọ tàbí tó wọ ẹnu rẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn tí kò lò rí: ọṣẹ, ìpara, oògùn, oúnjẹ, aṣọ tuntun tí a kò fọ̀ kí a tó wọ̀ ọ́? Ẹ má gbàgbé oògùn o. Èyí tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá lè jẹ́ kí ara rẹ̀ sú lónìí.

Gbogbo ìwé ló ń sọ pé ibẹ̀ á pupa. Ara ọmọ mi dúdú, mi ò rí pupa kankan.

Ẹ má wá pupa. Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ òbí lọ́nà nìyí, ó sì ń ṣi àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan náà lọ́nà, torí ara òyìnbó ló wà nínú ọ̀pọ̀ àwòrán tí wọ́n fi kọ́ wa. Lára adúláwọ̀, ibi tó wú tàbí tó gbóná máa ń dúdú ju ibi tó yí i ká lọ, tàbí kó rí bí àwọ̀ elésè àlùkò, bíi kọfí, nígbà mìíràn bí eérú.

Ọwọ́ yín á sọ ohun tí ojú kò rí. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibẹ̀, kí ẹ wá fi kan ibi kan náà ní apá kejì: ṣé ó gbóná jù ú lọ, ṣé ó ga, ṣé ó há bíi sáńpépà? Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè tààrà. Bí iná bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, òjìji àwọn kókó wínníwínní á yọ síta, ẹ ó sì rí ohun tí ẹ kò rí tẹ́lẹ̀. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, inú ẹnu àti inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni pupa ti lè hàn lára ẹni dúdú.

Àmì dúdú tàbí funfun tó bá kù lẹ́yìn tí nǹkan náà ti san lè pẹ́ tó oṣù mélòó kan kó tó tán. Kì í ṣe àrùn mọ́, kò sì fẹ́ ìpara àfibóra.

Àmì wo ló ń sọ pé kí n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí n má dúró de ọ̀la?

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ gbóná dé 38°C, tàbí tí kókó ọlọ́yún yọ sí lára. Ọmọ tí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ ń wú, tó ń mí pẹ̀lú ìnira tàbí tí àyà rẹ̀ ń hun. Ọmọ tó lo oògùn, tí egbò wá yọ sí i lẹ́nu àti lójú, tí awọ rẹ̀ ń bó: ẹ dá oògùn náà dúró, kí ẹ gbé páálí rẹ̀ lọ́wọ́ lọ. Ọmọ tí kò mu ọmú mọ́, tó ń bì gbogbo ohun tó jẹ, tó ní gìrì, tàbí tó ń sùn ṣáá tí ẹ kò lè jí. Àti ọmọ tí ẹ bá rò pé èéyi ló mú. A ó dé orí ìyẹn.

Ẹ̀yà kan wà tí a fi gíláàsì ń mọ̀. Ẹ mú ife gíláàsì tó mọ́ gaara, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ ibi tó sú, kí ẹ máa wò ó gba inú ife náà. Bí ó bá pòórá lábẹ́ gíláàsì, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú iṣan rẹ̀. Bí kò bá pòórá, tí ọmọ náà sì ní ibà, ẹ̀jẹ̀ ti ń jò sábẹ́ awọ nìyẹn. Ó lè jẹ́ àrùn lọ́rùnlọ́rùn, tàbí kòkòrò àrùn tó ti wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Lára ọmọ tó dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti ikùn ni kí ẹ ti dán an wò.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ègbèsì lásán ni?

Ègbèsì máa ń jẹ́ kókó kéékèèké bí orí abẹ́rẹ́, ó máa ń pọ̀ ní ọrùn, àyà, ẹ̀yìn àti iwájú orí, ibi tí òógùn ti ń dúró sí tàbí tí aṣọ ti fún ọmọ. Ihò òógùn ló dí. Kò ní ibà, kì í sì í dé àtẹ́lẹwọ́. Ó máa ń pọ̀ láti oṣù kejì ọdún títí òjò fi máa fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ fi omi tútù díẹ̀ wẹ̀ ẹ́, ẹ fi aṣọ ìnura tẹ omi náà gbẹ, ẹ má fi agbára nù ún. Aṣọ òwú kan ṣoṣo tó ní àyè ti tó. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀: bí ibẹ̀ bá gbóná tó sì ń rin fún òógùn, aṣọ ara rẹ̀ ti pọ̀ jù, ohunkóhun tí ìyá àgbà ìbáà sọ nípa òtútù. Páúdà ni àṣìṣe ńlá. Ó máa ń pò mọ́ òógùn, á di bí amọ̀ sójú ihò náà, ọmọ á sì máa fa eruku rẹ̀ símú. Àdín àti básẹ́líìnì náà ń dí ihò náà pa. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí ara bá ti tutù, ègbèsì yẹ kó ti rọlẹ̀. Bí kò bá rọlẹ̀, tàbí tó di ọlọ́yún, kì í ṣe ègbèsì lásán mọ́.

Ìdí ọmọ mi ti bó. Ṣé ìlédìí ló fà á?

Ẹ wo inú kọ̀rọ̀ itan, ibi tí awọ ti ká mọ́ra. Bí ojú ìdí àti ibi tó ga bá bó, tí inú kọ̀rọ̀ náà sì dá ṣáká, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tó pẹ́ lára ló jẹ ẹ́. Ẹ máa pààrọ̀ ìlédìí ní wákàtí méjì sí mẹ́ta, àti lójú ẹsẹ̀ tí ọmọ bá ti yàgbẹ́. Omi lásán ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá fi ìpara síǹkì ọ́ksáìdì lé e tó nípọn. Bí inú kọ̀rọ̀ bá wà nínú rẹ̀ tó sì rin, tí kókó kéékèèké tún fọ́n ká etí rẹ̀ bí ọmọ tó yí ìyá ká, olú inú ara (èyí tí òyìnbó ń pè ní fungus) ni. Ìyẹn fẹ́ ìpara clotrimazole tàbí nystatin. Ẹ wo ẹnu ọmọ náà: funfun tí kò ṣeé nù kúrò lórí ahọ́n àti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹ́ ẹ̀rí kejì.

Lóru ni ọmọ mi ń họ ara rẹ̀ jù. Kí ni?

Kúrúnà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, pàápàá bí ẹlòmíràn nínú ilé bá ń họ ara. Kòkòrò kékeré tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí ló ń gbẹ́ inú awọ tó sì ń yé ẹyin síbẹ̀. Lára àgbàlagbà àti ọmọ tó ti ń rìn, ẹ wá a sí àárín ìka, ọrùn ọwọ́, abíyá, àyíká ìdodo, ìdí àti abẹ́. Ọmọ ọwọ́ yàtọ̀: ó lè wà ní àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, ojú àti orí, nígbà mìíràn gẹ́gẹ́ bí ìléròrò olómi tàbí ọlọ́yún. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe máa ń pè é ní ohun mìíràn, tí wọ́n á sì máa fún ọmọ ní oògùn apakòkòrò lásán.

Ìdí tí kúrúnà fi ń padà wá ni pé ọmọ nìkan ni a tọ́jú. Ẹni tó kó o fún ìgbà àkọ́kọ́ lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ó sì ti ń pín in fún àwọn tí wọ́n jọ ń sùn ní gbogbo àsìkò yẹn. Gbogbo ẹni tó wà nínú ilé gbọ́dọ̀ pa oògùn lọ́jọ́ kan náà, títí kan ẹni tí ara kò yún àti ọmọ ọ̀dọ̀.

Ìpara permethrin 5% ló dára jù fún ọmọ tó ti pé oṣù méjì. Ẹ fi pa á láti ọrùn dé ìka ẹsẹ̀; bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún méjì, ẹ kan orí àti ojú mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kó má dé ẹyinjú àti ẹnu. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 8 sí 14, ìyẹn láti alẹ́ dé àárọ̀, kí ẹ wẹ̀ ẹ́ kúrò. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méje. Bí ọmọ bá ń la ìka, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Benzyl benzoate 25% ló pọ̀ jù ní kẹ́míìsì, owó rẹ̀ sì rọrùn, ṣùgbọ́n ó máa ń ta ọmọ lára bí ata, a sì gbọ́dọ̀ bù omi là á. Ọmọ ọdún 2 sí 12: ìwọ̀n oògùn kan sí ìwọ̀n omi kan, fún wákàtí 24. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì: ìwọ̀n oògùn kan sí ìwọ̀n omi mẹ́ta, wákàtí 12 péré. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ẹ jẹ́ kí dókítà sọ ohun tí ẹ máa lò.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá pa oògùn, ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ àti ohun tí wọ́n fi ń tẹ́ ibùsùn, kí ẹ sá a sóòrùn. Ohun tí kò ṣeé fọ̀, ẹ dì í sínú láílọ́ọ̀nù fún ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta. Ara á ṣì máa yún ọmọ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Ẹ má tún oògùn náà pa lójoojúmọ́ nítorí ìyẹn. Ó ń jẹ awọ.

Mo ra ìpara kan fún làpálàpá. Ó kọ́kọ́ lọ, ó tún padà dé, ó sì gbòòrò sí i.

Ẹ ka ara páálí rẹ̀. Bí ẹ bá rí clobetasol tàbí betamethasone, tí wọ́n jẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù, nínú rẹ̀ pẹ̀lú oògùn olú àti oògùn bakitéríà, ìṣòro náà nìyẹn. Irú àwọn ìpara àdàlù mẹ́ta yìí kún inú ọjà, wọ́n sì ti ba ara ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́. Sítẹ́rọ́ọ̀dù tó lágbára náà máa ń pa ìyún àti wíwú rẹ́, òbí á rò pé ó ti san. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ara di aláìlágbára níwájú olú náà, ó ń gbilẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Etí rẹ̀ tó máa ń ga bí òrùka á parẹ́, dókítà pàápàá kò wá ní tètè dá a mọ̀ mọ́. Awọ ọmọ fẹ́lẹ́, oògùn náà ń wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju ti àgbà lọ. Ìpara àfibóra tí ìyá ń lò máa ń ní irú èròjà yìí nígbà mìíràn. Ẹ má fi pa ọmọ lára láé.

Làpálàpá gidi máa ń yí po bí òrùka, etí rẹ̀ ga, ó há, àárín rẹ̀ sì ń mọ́. Lára, clotrimazole 1% nìkan tó: ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kó kọjá etí rẹ̀ díẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kí ẹ sì máa pa á fún ọ̀sẹ̀ kan sí i lẹ́yìn tó bá ti mọ́. Ti orí yàtọ̀ pátápátá. Bí irun bá ń já mọ́ ìdí tí awọ orí sì ń ṣí ìpẹ́, olú náà ti wọ inú irun, ìpara kò lè dé ibẹ̀. Oògùn gbígbé mì bíi griseofulvin, tí dókítà wọ̀n fún ìwọ̀n ara ọmọ, fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ló ń wò ó. Ẹ fọ kóòmù àti abẹ ìfárí, ẹ má yá ẹnikẹ́ni.

Ara ọmọ mi ń gbẹ, ó ń yún un, ó ń lọ ó ń bọ̀, ó sì burú nígbà ọyẹ́.

Ẹ́síma (eczema) nìyẹn máa ń jẹ́. Lára ọmọ ọwọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́, orí àti ẹ̀yìn apá ló máa ń mú. Tó bá ti pé ọdún méjì, inú kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ àti ẹ̀yìn orúnkún. Lára ọmọ dúdú, ó lè rí bíi kókó kéékèèké yí ìdí irun ká, kó máà rí bí ojú egbò rárá. Bí bàbá tàbí ìyá bá ní ikọ́ fée tàbí imú tó ń dí nígbà gbogbo, ẹ túbọ̀ fura sí i.

Ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, ọṣẹ tí kò ní òórùn. Kò sí kànìnkànìn, kò sí ọṣẹ dúdú, kò sí omi apakòkòrò nínú ìwẹ̀. Ẹ tẹ omi náà gbẹ díẹ̀, kí ẹ fi òrí tàbí básẹ́líìnì pa á láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí omi ara rẹ̀ má bàa lọ. Ẹ tún pa á ní ọ̀sán. Nígbà tó bá ru, hydrocortisone 1% fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ tó, kì í ṣe fún oṣù. Ẹ má yọ ẹyin, ẹja tàbí wàrà kúrò nínú oúnjẹ ọmọ látàrí ìfura lásán. Ebi a máa pa ọmọ ju ẹ́síma lọ.

Ibà ló kọ́kọ́ mú un, lẹ́yìn náà ni ara sú. Ṣé èéyi ni?

Ètò tí àwọn àmì fi tẹ̀lé ara wọn ló máa sọ. Nínú èéyi, ibà gíga á ṣáájú fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, pẹ̀lú ikọ́, imú tó ń ṣomi àti ojú tó pọ́n. Ẹ wo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́: àwọn àmì funfun kéékèèké bíi ẹyọ iyọ̀ lè ti yọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ara á bẹ̀rẹ̀ sí í sú láti ẹ̀yìn etí àti etí irun, á sọ̀ kalẹ̀ sí ojú, àyà, kó tó dé ẹsẹ̀. Ibà kò ní lọ nígbà tí ara bá sú. Ṣe ló máa ń ga sí i.

Ẹ fi wé ti ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì tí ibà gíga mú fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, tí ibà náà lọ lójijì, tí ara wá sú láti àyà àti ẹ̀yìn, tí ọmọ sì ń ṣeré. Ìyẹn kì í ṣe èéyi, ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta.

Èéyi máa ń pa ọmọ nípa òtútù àyà àti ìgbẹ́ gbuuru, ó sì lè fọ́ ojú rẹ̀. Nítorí náà, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe ẹmu tí a ń fi pa á lára, kì í sì í ṣe kí a tì í mọ́ yàrá kí “olóde” tó lọ. Kò sí èèwọ̀ omi: ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ fún un lómi, ẹ fún un lọ́mú àti oúnjẹ. Wọ́n á fún un ní fítámínì A ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀lé ara wọn, àní bó bá ti gbà á rí: 50,000 ẹyọ ìwọ̀n fún ọmọ tí kò tó oṣù 6, 100,000 fún oṣù 6 sí 11, 200,000 fún ọmọ ọdún kan sókè. Ní Nàìjíríà, oṣù 9 àti oṣù 15 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ṣọ̀pọ̀ná tí àwọn àgbà ń bẹ̀rù ti kúrò láyé, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde rẹ̀ ní 1980. Èéyi ló ṣì wà.

Ìléròrò olómi ńkọ́?

Bí ó bá ń yún un, tó bẹ̀rẹ̀ ní àyà àti ẹ̀yìn, tí ẹ sì rí kókó tuntun, ìléròrò àti èépá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ṣíkìnpọ́ọ̀sì ni. Ẹ gé èékánná rẹ̀, ẹ lo calamine àti parasítámọ́ọ̀lù; ẹ má fún un ní aspirin tàbí ibuprofen. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí aláboyún àti ọmọ tuntun. Mpox, àrùn tí wọ́n ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀, tó tún yọjú ní Nàìjíríà ní 2017, jọ ọ́, ṣùgbọ́n kókó tirẹ̀ ní ibì kan náà máa ń wà ní ipele kan náà, ó le lábẹ́ ìka, ó máa ń dé ojú, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, kókó ọrùn àti ti abẹ́ àgbọ̀n sì máa ń wú.

Bí ìléròrò bá wà ní àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti ìdí, tí egbò wà lẹ́nu tí ọmọ kò fẹ́ jẹun, kòkòrò kan tó máa ń jà ní jẹ́lé-ó-sinmi ni. Ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ló ń gbà. Omi tútù àti ẹ̀kọ tó ti tutù ni kí ẹ fún un. Gbígbẹ omi ara ni ewu rẹ̀.

Èépá bí oyin wà ní imú àti ẹnu rẹ̀.

Bakitéríà ni. Ẹ fi omi rọ èépá náà kúrò kí ẹ tó pa oògùn tí dókítà kọ. Lórí èépá, oògùn kò wọlé. Bí ojú ọmọ bá wú láàárọ̀ tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí omi tíì ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, kíndìnrín rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Ó jí láàárọ̀ pẹ̀lú ìlà tó bó bí ẹgba, kò sì sí ẹni tó nà án.

Kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló fà á, kò gùn tó sẹ̀ntímítà kan tàbí kó tó o gẹ́lẹ́, dúdú àti pupa ọsàn tẹ̀lé ara wọn lára rẹ̀. Iná ló ń fà á wọlé lóru nígbà òjò. Kì í ta, kì í jẹni. Omi ara rẹ̀ ló ń jó awọ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ pa, ìlà náà sì ń tẹ̀lé ibi tí ọwọ́ gbà nù ún. Bó bá wà ní kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́, ẹ ó rí àmì méjì tó dojú kọ ara wọn. Ẹ fẹ́ ẹ kúrò lára, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀ kíá, kí ẹ fọ aṣọ ibùsùn. Ẹ má jẹ́ kó fi ọwọ́ náà nu ojú.

Eéwo kan ní ihò láàárín, ọmọ ní nǹkan ń gún òun níbẹ̀.

Ìdin eṣinṣin lè wà nínú rẹ̀. Ó ń yé sí aṣọ tútù tí a sá sórí koríko tàbí sílẹ̀. Ẹ fi básẹ́líìnì tó nípọn bo ihò náà kó má lè mí, á sún wá síta, kí ẹ wá rọra tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ẹ bá fún un tipátipá, á bẹ́ sínú. Láti ìgbà náà lọ, orí okùn ni kí ẹ máa sá aṣọ sí, kí ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ tinú tẹ̀yìn, títí dé ojú rírán rẹ̀.

Ọmọ tuntun ni. Ṣé gbogbo rẹ̀ ló ń kan dókítà?

Rárá. Kókó tó yọ ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, tó ń ṣí láti ibì kan sí ibòmíràn nígbà tí ọmọ ń mu ọmú dáadáa, á lọ kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọ̀ aró ní ìdí tàbí ẹ̀yìn kì í ṣe ojú ìnà. Egbò kékeré ní apá òsì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ BCG ni abẹ́rẹ́ náà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi nǹkankan sí i. Kókó ọlọ́yún nìkan ni kí ẹ má fi falẹ̀.

Kí ni kí n má fi kàn án rárá?

Kẹrosíìnì, omi bíríìṣì, omi bátìrì, ìpara tó ń ta bíi mẹ́ńtọ́ọ̀lù. Osùn kò burú lọ títí, ṣùgbọ́n ó ń bo àwọ̀ ara mọ́lẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ kúrò kí ẹ tó gbé ọmọ lọ kí wọ́n lè rí ara rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò nǹkan náà lójúmọ́, nítorí ara tó wú búlẹ̀búlẹ̀ láàárọ̀ látàrí ohun tí kò bá a mu lè ti pòórá kó tó kan yín níwájú dókítà.

Ìgbà wo ló lè padà sí jẹ́lé-ó-sinmi?

Èéyi: lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tí ara ti sú, bí agbára rẹ̀ bá ti padà. Ṣíkìnpọ́ọ̀sì: nígbà tí gbogbo ìléròrò bá ti di èépá. Kúrúnà: lẹ́yìn pípa oògùn àkọ́kọ́. Èépá oníyin: wákàtí 48 lẹ́yìn tí oògùn bẹ̀rẹ̀. Làpálàpá: tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀. Ègbèsì àti ẹ́síma kì í ran ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá lé ọmọ ẹ́síma padà sílé, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà kí ẹ mú un lọ fún wọn, torí ojú ń ti ọmọ ọdún mẹ́ta náà.